Ihò Afẹ́fẹ́ Tí Mo Fi Súwẹ́tà Dí

Ẹni tí dókítà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ ife ló ń bá a jà, òun ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń sùn nínú ilé kan. Èmi kì í ṣe dókítà. Ẹ̀rọ amúlétutù ni mo ń tún ṣe ní agbègbè Dallas níbí, ó ti lé ní ogún ọdún, ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo sì ka dé kí n tó kọ́ṣẹ́. Ohun tí ojú mi rí nìkan ni màá sọ. Mi ò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ pé ẹ̀rù ò bà mí. Ó ṣì ń bà mí. Títí di òní, bí mo bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀lé ara wọn, àyà mi á já.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí Dallas. Ilé iṣẹ́ kan gbà mí fún oṣù mẹ́ta ní àríwá Alaska, ní ìletò àwọn Inuit kan tó wà létí òkun yìnyín. Ilé ibẹ̀ kéré, èèyàn inú rẹ̀ pọ̀. Ẹ má rò pé ó wù wọ́n bẹ́ẹ̀. Ilé ni kò sí. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó pákó àti ìṣó wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí yìnyín bá yọ́, ẹni tó bá sì kọ orúkọ sílẹ̀ fún ilé tuntun lè máa retí rẹ̀ títí ọmọ rẹ̀ á fi bímọ. Òtútù ibẹ̀ ń pa èèyàn, epo tí wọ́n fi ń mú ilé móoru sì wọ́n bí ojú, nítorí náà wọ́n máa ń dí gbogbo ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé. Èémí gbogbo ilé á wá di ọ̀kan. Omi á máa ṣàn lára fèrèsé, igun ògiri á bu, á dúdú bíi pé wọ́n fi èédú kùn ún. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ pè mí ni pé kí n lu ihò sára ògiri, kí n fi ẹ̀rọ kékeré kan síbẹ̀ tí á máa fa afẹ́fẹ́ inú ilé síta, tí á sì máa mú tuntun wọlé láì jẹ́ kí ooru lọ.

Kò sí ilé àlejò níbẹ̀. Ilé ìyá arúgbó kan ni wọ́n fi mí sí. Aana ni gbogbo èèyàn ń pè é, ìyẹn ìyá àgbà ní èdè wọn. Yàrá mẹ́ta, èèyàn mẹ́tàlá, èmi ni mo ṣe ìkẹrìnlá. Àwọn kan ń sùn lọ́sàn-án kí àwọn yòókù lè rí ibi sùn lóru. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀, gbé ibùsùn rẹ̀ fún mi láì jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́, òun sì ń sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Wọ́n bu ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ wọn fún mi, wọ́n sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Aana ní aṣọ tí mo wọ̀ sára tó láti fi kọ́ ilé kan, kí n bọ́ ọ kí wọ́n lè fún ẹni tó ń dúró de ilé.

Ilé Aana ni mo kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ sí. Ẹnu ihò náà bọ́ sí òkè orí ibùsùn mi gan-an. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ìyá wa kọ́ wa: òtútù tó bá ń fẹ́ síni láyà ló ń di ikọ́. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo yọ súwẹ́tà mi kan, mo ká a, mo fi dí ihò náà pa. Aana wọlé wá fún nǹkan mìíràn, ó rí i, ó fà á yọ.

"Ìwọ lo la ihò yìí," ó ní. "Kí ló dé tí o tún dí i?"

Mo ní kí òtútù má bàa wọ̀ mí láyà ni. Ó jókòó sí etí ibùsùn, ó sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní kékeré, àìsàn àyà wọ ilé wọn, ọkọ̀ òfuurufú sì gbé òun lọ sí ilé ìwòsàn tó jìnnà réré. Ọdún méjì ni ó lò níbẹ̀. Nígbà tó fi máa padà, ìyá rẹ̀ ń bá a sọ̀rọ̀, kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ mọ́.

"Òtútù kọ́ ló gbé mi lọ," ó ní. "Èémí èèyàn ni."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà ni, mi ò sì fẹ́ bá a jiyàn. Nígbà tó jáde, mo ti súwẹ́tà náà padà sínú ihò. Ibẹ̀ ló wà títí mo fi kúrò. Gbogbo ilé tó kù ní ìletò yẹn ni mo là, èyí tí mo ń sùn nínú rẹ̀ nìkan ni mo dí.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n padà, wọ́n rí ikọ́ ife lára ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé ibùsùn fún mi. Obìnrin tó ń tọ́jú aláìsàn ní ìletò náà gún gbogbo ilé ní abẹ́rẹ́ kékeré sí apá láti fi yẹ̀ wá wò. Tèmi wú bíi pé oyin ta mí. Ó ní mi ò tíì ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí kòkòrò àìsàn náà ti máa sùn nínú mi, oògùn sì wà tí mo lè lò kó tó jí. Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo fi àpá abẹ́rẹ́ BCG hàn án, èyí tí wọ́n gún mi ní kékeré nítorí ikọ́ ife. Mo ní gbogbo wa tí a bí ní Nàìjíríà ló ní in, òun ló ń mú kí apá wa máa wú, kó má dààmú. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí mo sọ, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó léwu. Ó ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí àpá yẹn kì í tàn jẹ, kí n lọ ṣe é bí mo bá dé Dallas. Mo ṣèlérí. Mi ò ṣe é, mi ò sì sọ fún ìyàwó mi.

Fúnmi ni ìyàwó mi ń jẹ́. Ó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan. Apaatimẹ́ǹtì oníyàrá méjì là ń gbé ní Duncanville. Kẹ́mi, ọmọ wa, wà ní yunifásítì ní Denton, nítorí náà àbúrò Fúnmi tó ń jẹ́ Ṣadé ló wà nínú yàrá kejì. Ó gbé oyún wá láti Ìbàdàn, ó bímọ síbí, ọkọ rẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún. Mofẹ́ ni wọ́n sọ ọmọ náà. Ọmọ Amẹ́ríkà ni Mofẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìjọba fún ìyá rẹ̀ láti fi dúró ti kọjá. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ìgbà ẹ̀rùn ń lọ sópin nígbà tí ikọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Àjà òrùlé ni iṣẹ́ wa ń gbé wa gùn, eruku ibẹ̀ kò kéré, nítorí náà eruku ni mo kà á sí. Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ aṣọ ìsùn mi. Bẹ́líìtì mi ń wọ ihò tí kò wọ̀ rí. Fúnmi fi mí rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Kẹ́mi, ṣé ìyàwó kékeré lẹ fẹ́ fẹ́ ni, tí ẹ ń febi pa ara yín?"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sí kílíníìkì kan, mo tò síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi fi kú, wọ́n fún mi ní oògùn ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n ní kí n máa lọ. Wọn ò béèrè Alaska, èmi náà ò sì dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ojú ọjọ́ wá yí padà, tí atẹ́gùn tútù dé, gbogbo ilé gbà pé òtútù ló ń ṣe mí. Fúnmi ti fèrèsé, ó fi téèpù lẹ etí rẹ̀. A pa fáànù. Mo ti ń rẹ̀wẹ̀sì, iṣẹ́ ọjọ́ méjì péré ni mo lè ṣe lọ́sẹ̀, nítorí náà èmi ni mo ń bá Ṣadé gbé ọmọ bó bá ń se oúnjẹ tàbí tó ń wẹ̀. Àyà mi ni Mofẹ́ ń sùn lé. Ó fẹ́ràn ooru ibẹ̀. Gbogbo wa wà nínú ilé tí a dí pa, à ń lé òtútù.

Ọjọ́ kan, mo wà nínú àjà ilé oníbàárà kan ní Mansfield, ikọ́ ki mí mọ́lẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ̀jẹ̀ ni. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sọ fún obìnrin náà pé màá padà wá parí iṣẹ́, mo wakọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tààrà.

Wákàtí mẹ́rin ni mo fi jókòó láàárín àwọn èèyàn kí wọ́n tó pè mí. Nọ́ọ̀sì bi mí bóyá mo ti bá ẹni tó ní ikọ́ ife gbé ilé kan rí. Mo fẹ́ sọ pé rárá. Mo wá rántí apá mi tó wú. Bí mo ṣe sọ ọ́, ó fún mi ní ìbòmú, ó mú èmi nìkan lọ sí yàrá kan, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ kan lókè. Mo mọ irú ẹ̀rọ náà. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo fi mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ: síta ló ń lọ, gbogbo rẹ̀, kò sí èyí tó ń padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń sá fún.

Ó tó ọjọ́ díẹ̀ kí àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi tó jáde. Ikọ́ ife ni. Fúnmi wá pẹ̀lú ìbòmú lójú, ó sún mọ́ etí mi bí wọ́n ṣe gbà á láyè.

"Wọ́n máa ní kí ẹ ka gbogbo ẹni tó wà nílé," ó ní. "Ẹ má dárúkọ Ṣadé o. Orúkọ tó bá ti wọ ìwé ìjọba kì í jáde mọ́."

Mo bi í pé Mofẹ́ ńkọ́. Ó ní òun ti ṣètò rẹ̀, pé ọ̀rẹ́ òun kan ní Mansfield á gba àwọn méjèèjì, wọn ò sì ní sí nílé mọ́ bí mo bá dé.

Nọ́ọ̀sì ìjọba ìbílẹ̀ tó wá bá mi ń jẹ́ Rosa, ará Mẹ́síkò ni òbí rẹ̀. Ó mú bébà jáde, ó ní ṣe ni kí n fara balẹ̀. Mo dárúkọ Fúnmi. Mo dárúkọ Kẹ́mi tó máa ń wá lópin ọ̀sẹ̀. Ó bi mí bóyá ọmọ kékeré wà nínú ilé, tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Mo ní rárá. Bí ẹni tí wọ́n bi bóyá ó ti jẹun ni mo ṣe dáhùn.

Wọ́n dá mi padà sílé. Yàrá kan ni mo wà, fèrèsé ṣí, Fúnmi ń gbé oúnjẹ sí ẹnu ilẹ̀kùn. Oògùn náà pọ̀, ojoojúmọ́ ni Rosa sì ń wò mí lórí fóònù bí mo ṣe ń gbé e mì. Ó máa ní kí n yọ ahọ́n bí ọmọ ilé ìwé. Ìtọ̀ mi pọ́n bí omi ọsàn, òógùn mi náà pọ́n, ìrọ̀rí mi ya àwọ̀. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, kì í ṣe ìpalára. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Délé, ní Ìbàdàn, ó ní oògùn tó ń sọ ìtọ̀ èèyàn dà bẹ́ẹ̀ ti ń jẹ kíndìnrín nìyẹn. Ó fi àgúnmu kan rán ẹni tó ń bọ̀. Lójoojúmọ́ ló ń pè bóyá mo ti lò ó. Fúnmi náà ní ohun tí baba wa lò tí wọ́n fi darúgbó kò lè pa mí. Mo lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún, Rosa ní kí n sún mọ́ fóònù, ojú mi ti pọ́n bíi pupa inú ẹyin. Ẹ̀dọ̀ mi ló fẹ́ bàjẹ́. Wọ́n dá gbogbo oògùn dúró, wọ́n tún fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìyẹn sì fi kún àkókò ìtọ́jú mi. Mo jẹ́wọ́ àgúnmu náà fún Rosa. Mo rò pé yóò pariwo mọ́ mi. Ó ní ìyá òun náà kò yàtọ̀, pé mo ṣeun tí mo sọ ọ́, ẹni tó bá sọ òótọ́ ni òun lè ràn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Kẹ́mi pè mí láti Denton, ó bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé níbo ni Mofẹ́ wà. Mo ní ó wà dáadáa. Ó ní òun ò béèrè bóyá ó wà dáadáa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Fúnmi ń múra iṣẹ́, Ṣadé pè é. Mo ń gbọ́ ohùn Ṣadé láti inú yàrá mi. Ọmọ náà ti ń gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ń wúkọ́, kì í fẹ́ mu ọmú. Fúnmi ní kó fi róòbù ra á láyà, kó wé e dáadáa, kó ti fèrèsé kí òtútù má bàa wọlé.

Mo wọ ìbòmú, mo ṣí ilẹ̀kùn. Mo ní kó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn báyìí. Mo gbọ́ tí Ṣadé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní wọ́n máa béèrè ìwé lọ́wọ́ òun. Fúnmi pa fóònù, ó kọjú sí mi.

"Bí wọ́n bá dá Ṣadé padà, ẹ̀yin lẹ dá a padà. Èmi ò ní gbàgbé láyé."

"Fúnmi, a ní àpá lápá, èmi àti ìwọ," mo ní. "Kí ni Mofẹ́ ní?"

Wọn kì í gún ọmọ tí wọ́n bá bí síbí ní abẹ́rẹ́ yẹn. Òun mọ̀ ọ́n jù mí lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú báàgì iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo pe Rosa lójú rẹ̀. Mo ní mo purọ́ fún un, ọmọ oṣù méje kan wà, àyà mi ló ń sùn lé.

Rosa kò dá mi lẹ́bi lójú ẹsẹ̀. Ibi tí ọmọ wà ló béèrè. Lẹ́yìn náà ló wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé ká ní mo ti sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú ilé ìwòsàn ni wọn ì bá ti jẹ́ kí n wà, ọmọ náà ì bá sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Mofẹ́ ti wà lọ́wọ́ àwọn dókítà ọmọdé.

Èmi ò lè lọ. Inú yàrá ni mo wà, fóònù ló ń sọ fún mi. Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, òjìji kan wà níbẹ̀. Wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín gba imú rẹ̀ dé inú ikùn láti fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó gbé mì, torí ọmọ kékeré kì í tu ú. Wọ́n ní ó kù ẹyọ kan, àwọn fẹ́ fa omi láti ẹ̀yìn rẹ̀ wò, bóyá àìsàn náà ti dé ọpọlọ. Fúnmi ló sọ èyí fún mi, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti wà nínú ewu rí, àwọn olè ti dá mi lọ́nà rí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí ẹ̀rù ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mi ò rí àdúrà gbà. Orúkọ ọmọ náà nìkan ni mo ń pè.

Ní ọjọ́ kejì Fúnmi pè. Ó ní kò tíì dé ọpọlọ. Àyà nìkan ni. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bíi pé òun náà ló ń sọ fún ara rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò béèrè ìwé lọ́wọ́ Ṣadé. Bó ṣe rí fún wa nìyẹn. Mi ò lè búra fún ibòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ lè béèrè kí ẹ tó jẹ́ kí ẹ̀rù pinnu fún yín. Wọ́n yẹ Ṣadé àti Fúnmi wò, kòkòrò náà wà lára àwọn méjèèjì, kò tíì jí. Wọ́n lo oògùn, ó parí. Ti Kẹ́mi mọ́. Oògùn náà kò ná wa ní kọ́bọ̀. Mo pe ìletò Aana, ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé ara òun ti yá. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Aana lórí fóònù. Ó bi mí bóyá ilé wa ní fèrèsé. Mo ní ó ní. Ó ní kí ló wá dé tí a kì í ṣí i.

Bí mo ṣe wà lónìí nìyí. Ó lé ní oṣù méje kí wọ́n tó ní oògùn mi parí. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi mọ́. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo máa ń dúró sinmi lórí àkàbà, ohun tí mi ò ṣe rí. Àpá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró mi tí kò ní lọ. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀ṣì kì í bọ̀ mí lọ́wọ́, mi ò bá wọn jà. Mofẹ́ ti parí oògùn tirẹ̀. Ó ti ń rìn, ó ń ṣubú, ó ń dìde.

Ṣadé ń gbé ní Mansfield báyìí. Ó ń kí mi bó ṣe yẹ, ó ń pè mí ní Bọ̀dá, ṣùgbọ́n kì í bá mi ṣàwàdà mọ́. Mo rò pé torí pé mo tú àṣírí rẹ̀ ni. Nígbà tí mo ní in lọ́kàn láti kọ èyí, mo gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo sì tún tọrọ àforíjì pé mo dárúkọ rẹ̀ fún Rosa láì bi í.

"Pé ẹ sọ ọ́ kọ́ ló ń dùn mí, Bọ̀dá," ó ní. "Láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ti bi yín bóyá ọmọ kékeré wà nílé títí dé ọjọ́ tí ẹ pè é, mo ti kà á. Ọjọ́ mọ́kàndínlógójì ni. Bí ẹ bá máa kọ ọ́, ẹ kọ iye ọjọ́ náà síbẹ̀."

Ọjọ́ mọ́kàndínlógójì ni.